Iṣẹ́ Tí Ó Tẹ́ Ọ̀dọ́ Lọ́rùn

Nígbà tí ọmọ kan bá jáde ilé ìwé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń bi í ni pé, iṣẹ́ wo ni yóò ṣe? Bí ó bá sì rí iṣẹ́, wọn a tún bi í léèrè pé, èló ni wọ́n ń san fún un? Ìbéèrè méjèèjì dára, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta wà tí àwọn àgbà kì í sábà bèèrè, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó máa ń pinnu bí ọ̀dọ́ náà yóò ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè náà ni pé: irú ibo ni ibi iṣẹ́ náà, ọkàn rẹ̀ ha sì balẹ̀ níbẹ̀ bí?

Ibikíbi tí ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni ó ní àṣà tirẹ̀, yálà a kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí a kò kọ ọ́. Bí ọ̀gá ṣe ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí owó ń jáde, ẹni tí a ń gbé ga àti ìdí tí a fi gbé e ga, ohun tí a ń ṣe sí ẹni tí ó ṣèèṣì ba nǹkan jẹ́: àpapọ̀ gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni a ń pè ní àṣà ibi iṣẹ́. Ìtẹ́lọ́rùn ni ohun tí àṣà náà àti iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń bí sínú ọkàn ẹni tí ó ń ṣe é. Àwọn baba wa ti mọ èyí tipẹ́, tí wọ́n fi wí pé inú dídùn ní í mú orí yá. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a ó gbìyànjú láti ṣe àlàyé bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń díwọ̀n ibi iṣẹ́ wọn, a ó sì fi ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè títí dé etí ọ̀sà, ṣe àpẹẹrẹ.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú. Ìlú onígẹdú ni, ìlú oníkòkó àti olóbì sì ni pẹ̀lú. Bí àlejò bá wọ ibẹ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí ń la igi ní sọ́mílì, tí yóò sì rí ọkọ̀ tí ó kó pákó. Àgọ́-Ìwòyè kò jìnnà sí i. Níbẹ̀ ni Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1982 gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí a tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2001. Nítorí ilé ẹ̀kọ́ yìí, iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ilé oúnjẹ àti iṣẹ́ ọ̀kadà pọ̀ ní ìlú náà. Bí a bá sì kọrí sí ìhà gúúsù, a ó dé Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside, tí Abigi jẹ́ olú ìlú rẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń dáko tí wọ́n sì ń pa ẹja lórí ọ̀sà. Onírúurú iṣẹ́ ni èyí, onírúurú ọ̀gá sì ni. Síbẹ̀, bí a bá fetí sí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe wọ́n, a ó rí i pé ohun tí wọ́n ń yìn àti ohun tí wọ́n ń bú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ayé òyìnbó. Láyé àtijọ́, bí iṣẹ́ oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, a máa bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ a péjọ, wọn a bá a ṣe é láìgba owó, olóko a sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mìíràn a máa dá àáró, lónìí lóko lágbájá, lọ́la lóko tàmẹ̀dò, títí yóò fi kárí. Owó kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdíwọ̀n wà nínú rẹ̀. Olóko tí ó bá se oúnjẹ tí kò tó, tí ó sì ń jágbe mọ́ àwọn tí ó wá ràn án lọ́wọ́, kì í rí ẹni bá a lọ nígbà mìíràn. Ẹni tí ó bá sì jẹ àáró tí kò san án, ẹgbẹ́ ni yóò kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà nígbà náà tí kò fún ọ̀dọ́ ní àyè láti díwọ̀n ohunkóhun. Ìwọ̀fà ni. Bí baba bá yá owó, ó lè fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí ó yá a lówó, kí ọmọ náà máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí baba yóò fi san gbèsè rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe kò dín owó náà kù rárá; èlé owó ni ó ń fi iṣẹ́ san. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá jẹ́ ènìyàn rere, ó ṣe oríire. Bí ó bá jẹ́ òǹrorò, kò ní ibi tí yóò sá sí. Ìjọba amúnisìn fòfin de àṣà yìí ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. A mẹ́nu kàn án níhìn-ín nítorí ó fi hàn gbangba pé ẹni tí kò lè kúrò níbi iṣẹ́ kì í ní ohùn nínú bí a ó ṣe ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ oṣù gbòde. Lójú àwọn baba wa ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá di akọ̀wé tàbí òṣìṣẹ́ rélùwéè ti bọ́ lọ́wọ́ òṣì. Síbẹ̀, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, owó ọjà gbówó lórí gidigidi, owó oṣù kò sì gòkè bá a. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó lé ní 30,000 da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, wà lára àwọn tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù lọ nínú ìyanṣẹ́lódì náà. Ó ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba sì fi kún owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń gbà nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn sí gbogbo ènìyàn pé òṣìṣẹ́ Nàìjíríà náà mọ ìwọ̀n ohun tí ó tọ́ sí i.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1935, Robert Hoppock, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí ìtẹ́lọ́rùn lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1959, Frederick Herzberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé tiwọn jáde. Wọ́n bá nǹkan bí 200 onímọ̀ ẹ̀rọ àti oníṣirò owó sọ̀rọ̀ ní ìhà Pittsburgh, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù sọ ìgbà tí inú rẹ̀ dùn jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ àti ìgbà tí inú rẹ̀ bàjẹ́ jù lọ. Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu. Ohun tí ń ba inú òṣìṣẹ́ jẹ́ kì í ṣe òdì kejì ohun tí ń mú inú rẹ̀ dùn. Owó tí kò tó, òfin tí kò ní láárí, ọ̀gá tí ń ni ni lára àti ibi iṣẹ́ tí kò dára ni wọ́n sábà ń dárúkọ nígbà tí wọ́n bá ń ráhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ayọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe tí ó yọrí sí rere ni wọ́n ń sọ, ìyìn tí wọ́n gbà, iṣẹ́ ńlá tí a fi sí ìkáwọ́ wọn, àti ìgbéga. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ọ̀gá bá mú ohun tí ń bani nínú jẹ́ kúrò, òṣìṣẹ́ yóò dákẹ́ ìráhùn, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ìfẹ́ iṣẹ́ ń bọ̀ láti ibòmíràn.

Ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, Adrian Peace ṣe ìwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1979. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò pinnu láti dàgbà sẹ́nu ẹ̀rọ. Wọ́n ń kó owó jọ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè kúrò níbẹ̀ lọ ṣòwò tàbí lọ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ti ara wọn. Ìrètí láti di ọ̀gá ara ẹni yìí ṣì lágbára láàárín àwọn ọmọ Yorùbá títí di òní, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ àwọn oníṣòwò.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo àwọn ìwọ̀n tí ọ̀dọ́ ń lò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni owó, pàápàá ọjọ́ tí owó ń jáde. Ọ̀dọ́ tí owó rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tí ó ń gbà á ní ìparí oṣù lè dá èésú, ó lè san owó ilé, ó sì lè fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ẹni tí a ṣèlérí owó ńlá fún, tí kò sì mọ ìgbà tí yóò rí i gbà, gbèsè ni yóò máa jẹ káàkiri ìlú. Owó ọkọ̀ pẹ̀lú wà nínú ìṣirò yìí. Bí ẹni tí ń gbé Ìjẹ̀bú-Igbó bá ń ṣiṣẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, tí epo ọkọ̀ sì gbówó lórí, ó lè rí i pé ìdá ńlá nínú owó rẹ̀ ti parí sójú ọ̀nà.

Èkejì ni ọ̀wọ̀. Àṣà wa kọ́ ọmọdé láti dọ̀bálẹ̀ tàbí láti kúnlẹ̀ kí àgbà, kò sì sí ọ̀dọ́ tí ó bá ní ẹ̀kọ́ ilé tí yóò kọ̀ láti bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kọ̀ ni èébú, ìgbájú, àti kí a máa fi orúkọ òbí wọn ṣe ẹlẹ́yà níwájú oníbàárà. Àwọn àgbà a máa wí pé, bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ òde òní ń bèèrè ìdí tí a fi ní láti rán ọmọ ní iṣẹ́ ẹrú.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀, káfíńtà tàbí mẹkáníìkì gbà láti lo ọdún mélòó kan láìgba owó oṣù nítorí ó gbàgbọ́ pé iṣẹ́ yóò wọ òun lọ́wọ́. Bí ọdún kan bá kọjá tí kò tíì ṣe ju pé kí ó gbálẹ̀, kí ó pọn omi, kí ó sì gbé ọmọ ọ̀gá lọ sí ilé ìwé, yóò mọ̀ pé a ti yí àdéhùn padà lẹ́yìn òun. Bákan náà ni ti akọ̀wé tí a kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ohun mìíràn ju fáìlì kan ṣoṣo lọ. Ọ̀dọ́ ń wo ọjọ́ iwájú. Bí iṣẹ́ kò bá fi ohun tuntun kún un, yóò rò pé ọjọ́ orí òun ń ṣòfò.

Ẹ̀kẹrin ni òdodo. Ní ọ̀pọ̀ ibi létí omi, bí ọkọ̀ bá ti etí odò dé, a máa pín ẹja tí a pa: ti oníọkọ̀ lọ́tọ̀, ti alájọ̀ṣe lọ́tọ̀. Gbogbo ojú ni ó rí ìpín náà, ẹni tí a rẹ́ jẹ sì lè sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ọ́fíìsì, ìpín kì í hàn báyìí. Bí ọ̀dọ́ bá rí i pé ọmọ ìyá ọ̀gá ni a gbé ga, tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jù sì wà níbi tí ó wà, ọwọ́ rẹ̀ yóò rọ, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ tó.

Ìkarùn-ún ni ààbò ara. Ní sọ́mílì, abẹ ẹ̀rọ kì í mọ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ pẹ́, eruku pákó sì ń wọ imú àti àyà. Ọ̀gá tí ó ra ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì pa ẹ̀rọ kí a tó tún un ṣe, ti fi hàn wọ́n pé ẹ̀mí wọn níye lórí lójú òun. Ààbò àwọn ọ̀dọ́bìnrin kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá tí ń fi iṣẹ́ dọdẹ wọn wà lábẹ́ èyí pẹ̀lú. Ní 2019, Àjọ Àgbáyé Lórí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ṣe àdéhùn kan lòdì sí ìwà ipá àti ìfìyàjẹni níbi iṣẹ́, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i ní 2022.

Kí ni àwọn ọ̀gá ń wí sí gbogbo èyí? Wọ́n ní àwọn ọmọ òde òní kò ní sùúrù. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì mọ abẹ́rẹ́ í dì mú ń bèèrè ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Wọ́n ní àwọn fara da ìyà, ìyà náà sì sọ àwọn di ènìyàn. A kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Iṣẹ́ kan kò sí tí kò ní ìgbà ìkorò tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń ti orí iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn lóṣooṣù kò lè mọ ìkankan dójú àmì. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn ọ̀gá náà rántí pé ayé ti yípadà. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àtijọ́ kò ní ju ọ̀gá kan tàbí méjì láti yàn ní ìlú rẹ̀. Ti òde òní ní fóònù lọ́wọ́, ó ń rí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbé ní Èkó àti ní òkè òkun, ó sì mọ iye tí ọlọ́kadà ń mú relé lójoojúmọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Níbi tí ọ̀gá bá ti ṣàlàyé ìdí sùúrù, tí ọmọ iṣẹ́ sì rí i pé sùúrù náà ní òpin, ìjà kì í pọ̀.

Òfin pẹ̀lú ní ohun tí ó sọ. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tí ó ti wà láti àwọn ọdún 1970, pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní kí òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje, kí ó sì ní ìsinmi ọlọ́dọọdún, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó, lẹ́yìn oṣù méjìlá. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ láti 30,000 náírà sí 70,000 náírà, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì fọwọ́ sí 77,000 náírà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù yìí yọ àwọn ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó 25 sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: iye sọ́mílì, ilé télọ̀, ilé ìtajà àti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mélòó ní agbègbè wa ni ó ní òṣìṣẹ́ 25? Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, ẹ̀rí ọkàn ọ̀gá ni ó dúró ní ipò òfin. Ìdí nìyí tí àṣà ibi iṣẹ́ fi ṣe pàtàkì jù ní ìlú kékeré ju bí ó ti rí ní ilé iṣẹ́ ńlá lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó jinlẹ̀ tún kù. Kí ènìyàn tó lè díwọ̀n ibi iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ tí ó lè yàn. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ lé ilé iṣẹ́ ìwé ńlá kan ní Iwopin, ní Ogun Waterside. A gbin igi Gmelina lọ́pọ̀lọpọ̀ sínú igbó ọba ní ìhà J4 kí a lè máa fi wọ́n ṣe ìwé níbẹ̀. Bí ó bá rí bí a ti rò ó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ìbá rí iṣẹ́ nítòsí ilé baba wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dé ibi tí a fojú sí, igi dàgbà, ìwé kò jáde bí a ti retí. Níbi tí iṣẹ́ bá ti ṣọ̀wọ́n báyìí, ọ̀gá burúkú kì í yípadà, nítorí ó mọ̀ pé bí ẹnì kan bá lọ, mẹ́wàá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́ tí ó ní agbára á gbé àpò rẹ̀, á kọrí sí Èkó tàbí sí ìlú òyìnbó. Ẹni tí kò ní agbára á dúró, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀nà méjèèjì ni ìlú fi ń pàdánù. Ọ̀gá káfíńtà tí kò ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ́ yóò darúgbó, iṣẹ́ tí ó mọ̀ yóò sì bá a lọ sí ọ̀run.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kò ní pẹ́ tí ẹ̀yin pẹ̀lú yóò fi dúró níwájú ẹni tí yóò gbà yín síṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwọ̀n yín jẹ́ owó nìkan, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ ìgbádùn nìkan. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí owó ń jáde. Ẹ bèèrè ohun tí ẹ ó ti mọ̀ nígbà tí ọdún kan bá fi pé. Ẹ wo ojú àwọn tí wọ́n ti wà níbẹ̀ ṣáájú yín, kí ẹ sì bèèrè bí wọ́n ṣe pẹ́ tó. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fún iṣẹ́ náà ní àkókò tí ó tó kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, nítorí ọjọ́ kan kọ́ ni à ń mọ ìwà ènìyàn. Bí ẹ bá sì rí i pé ìyà tí ẹ ń jẹ kò ní ẹ̀kọ́ nínú, tí kò sì ní òpin, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ láti wá ibòmíràn.

Púpọ̀ nínú yín ni yóò sì di ọ̀gá lọ́jọ́ kan, yálà ọ̀gá ọ́fíìsì tàbí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù olójúlé kan. Ní ọjọ́ náà, ọmọ ẹlòmíràn yóò dúró níwájú yín, yóò sì fi ìwọ̀n kan náà wọ̀n yín. Ẹ san owó rẹ̀ lásìkò, ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́ tọkàntọkàn, kí ẹ sì yìn ín nígbà tí ó bá ṣe dáadáa. Ibi tí a bá ti ń ṣe èyí ni ọ̀dọ́ ń dúró sí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń gbilẹ̀.